Ọmọ mi gba 2 nínú 7 nínú àròkọ history Amẹ́ríkà, ẹ bá mi dá sí i

IyaTobi_Houston
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi. Ọmọ mi obìnrin wà ní 11th grade níbí ní Houston, ó ń ṣe AP US History, ìyẹn history Amẹ́ríkà ní ìpele yunifásítì tí wọ́n ń ṣe ní sẹ́kọ́ńdìrì. Àròkọ tí wọ́n máa ń kó dọ́kúmẹ́ǹtì méje fún wọn pé kí wọ́n kà á kí wọ́n sì fi jiyàn, èyí tí wọ́n ń pè ní DBQ, òun ló ń dà á láàmú. Ìbéèrè tó kẹ́yìn dá lórí àwọn èèyàn dúdú tó kó kúrò ní gúúsù Amẹ́ríkà lọ sí àríwá láàárín 1910 sí 1930, ó ka gbogbo ẹ̀, mo rí i bó ṣe jókòó tì í títí di aago méjìlá òru, ó gba 2 nínú 7. Tíṣà kọ ọ́ sí i pé ó kàn ń sọ ohun tó wà nínú dọ́kúmẹ́ǹtì ni, kò jiyàn kankan. Èmi ò ka history kọjá Form 3, nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ ti dì í mú. May sì ni ìdánwò gangan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó bá mi dá sí i, ọmọ yìí ti ń sọ pé òun ò mọ̀wé, ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí gan-an.

TisaHistory_MD
Ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń kọ́ history ní Maryland, àròkọ irú èyí tí mo ti máàkì kò lóǹkà. Ẹ bá mi sọ fún Tóbi pé ó mọ̀wé. Àwọn ọmọ tó ń kàwé dáadáa gan-an ló máa ń kó sí kòtò yìí, torí pé wọ́n fẹ́ kí tíṣà mọ̀ pé àwọn ka gbogbo ẹ̀ tán.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí máàkì 7 yẹn ti ń wá. Thesis ní 1, ìyẹn gbólóhùn tó sọ ohun tó fẹ́ jiyàn lé lórí. Ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ ṣáájú àsìkò tí ìbéèrè ń sọ náà ní 1. Dọ́kúmẹ́ǹtì ní 2: tó bá lo ohun tó wà nínú mẹ́ta á gba 1, àmọ́ tó bá fi mẹ́rin ó kéré tán ti àríyànjiyàn rẹ̀ lẹ́yìn, á gba méjèèjì. Ẹ̀rí kan tí kò sí nínú àwọn dọ́kúmẹ́ǹtì yẹn rárá, tó jẹ́ inú orí ara ẹ̀ ló ti mú un wá, 1. Tó bá ṣàlàyé lórí dọ́kúmẹ́ǹtì méjì ó kéré tán pé irú ẹni báyìí ló kọ ọ́, àwọn báyìí ló ń bá sọ̀rọ̀, ohun tó ń wá nìyí, ìdí tíyẹn fi ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ tí à ń sọ nìyí, 1. Èyí tó kù, wọ́n ń fún ẹni tó bá fi hàn jálẹ̀ àròkọ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ní ìhà tó ju ẹyọ kan lọ. Wákàtí kan ni wọ́n ní, 15 minutes àkọ́kọ́ fún kíkà, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìdánwò náà ló sì dúró fún, kì í ṣe kékeré.

Ní báyìí, ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi ní kíláàsì ni pé ẹlẹ́rìí ni dọ́kúmẹ́ǹtì. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí tí tọkọtaya bá gbé ẹjọ́ wá bá yín nílé. Tí ìyá ọkọ bá sọ̀rọ̀, ẹ máa gbọ́ ọ, àmọ́ ẹ mọ̀ pé ìyá ọkọ ni, ẹ mọ ibi tó máa gbè sí. Ẹ ò sì ní torí ìyẹn lé e síta, torí ojú ẹ̀ ló ṣe, ohun tó rí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíì. Àwọn àgbà ní a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá àgbà òṣìkà ni. Bó ṣe yẹ kí Tóbi ka dọ́kúmẹ́ǹtì méje yẹn nìyẹn, kó máa bi ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè.

Ẹ jẹ́ ká lo ìbéèrè tí wọ́n fún un. Ká ní ìwé ìròyìn Chicago Defender ti 1917 wà nínú ẹ̀. Robert Abbott ló dá a sílẹ̀ ní 1905, Georgia sì ni òun fúnra ẹ̀ ti wá. Àwọn ọkùnrin dúdú tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin Pullman ló ń bá a gbé e wọ gúúsù, ẹnì kan á rà á, gbogbo àdúgbò á gbọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Abbott fẹ́ kí wọ́n máa bọ̀. Bí wọ́n sì ṣe ń wọ Chicago ni àwọn tó ń ra ìwé ìròyìn rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Nítorí náà tó bá kọ ọ́ pé iṣẹ́ pọ̀ ní àríwá, òótọ́ ni, iṣẹ́ wà, àmọ́ kí ni kò sọ? Ilé tó há, owó ilé tó ga, ìkórìíra tó ń dúró dè wọ́n níbẹ̀ náà.

Wá gbé ìwé ìròyìn àwọn òyìnbó gúúsù sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, èyí tó ń sọ pé àwọn aṣojú ilé iṣẹ́ ló ń tan àwọn aláìmọ̀kan lọ. Ta ló ń ka ìwé ìròyìn yẹn? Àwọn olóko òwú wà nínú wọn. Ta ló máa kórè òwú tí òṣìṣẹ́ bá lọ tán? Ibí ni ẹ̀rí láti inú orí ti máa wọlé: ní 1916 ìlú Macon ní Georgia sọ pé ẹni tó bá fẹ́ wá kó òṣìṣẹ́ lọ gbọ́dọ̀ san $25,000 fún láísẹ́ǹsì. $25,000, nígbà yẹn! Òfin yẹn nìkan ti tó láti fi hàn pé ẹ̀rù ń ba àwọn aláṣẹ gúúsù pé òṣìṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ àánú tí wọ́n ń sọ nínú ìwé ìròyìn ò dúró mọ́.

SeyiBklyn
Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ káàárọ̀ sà. Èmi ṣe ìdánwò yìí ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo gba 5, ìyẹn máàkì tó ga jù nínú gbogbo ìdánwò náà. Ohun tó yí tèmi padà ni pé mi ò kì í ṣí dọ́kúmẹ́ǹtì kankan títí màá fi lo 3 minutes lórí ìbéèrè nìkan, màá kọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yẹn sórí pépà, ọdún, orúkọ, òfin, ohunkóhun. Torí tó o bá ti ka dọ́kúmẹ́ǹtì méjèèje tán, orí ẹ á ti kún fún ọ̀rọ̀ wọn, tìẹ ò ní jáde mọ́, ibẹ̀ ni máàkì ẹ̀rí tó wá látòde ti máa ń bọ́.

Fún ìbéèrè Tóbi yìí, èmi ì bá kọ: kòkòrò tó ń jẹ òwú tó ba oko jẹ́ ní gúúsù, ẹjọ́ Plessy ti 1896 tó fọwọ́ sí yíya èèyàn dúdú sọ́tọ̀, òfin Mississippi ti 1890 tó fi ọgbọ́n gba ìbò lọ́wọ́ wọn, àti Ogun Àgbáyé Kìíní. Ogun yẹn ṣe pàtàkì gan-an o àbúrò mi, torí ní 1914 àwọn tó wọ Amẹ́ríkà láti ilẹ̀ òkèèrè lé ní 1,200,000, nígbà tó fi máa di 1918 wọn ò ju bíi 110,000 lọ, bẹ́ẹ̀ fáktírì ń wá òṣìṣẹ́ lójú méjèèjì. Iṣẹ́ tí wọn ò fún èèyàn dúdú tẹ́lẹ̀, wọ́n wá ń fi bẹ̀ wọ́n.

Má da Roosevelt méjèèjì pọ̀ o. Theodore ṣe ààrẹ láti 1901 sí 1909, Franklin láti 1933 sí 1945. Mo mọ àwọn tó kọ New Deal, ètò ọrọ̀ ajé Franklin, sínú àròkọ Progressive Era, àsìkò àtúnṣe ìgbà Theodore. Má sì máa da quote gígùn kọ, ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin nínú dọ́kúmẹ́ǹtì ti tó, èyí tó kù fi ẹnu ara ẹ sọ ọ́. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń kọ ọ́ báyìí, nítorí náà kó máa fi kọ̀ǹpútà dán an wò nílé, kó ṣètò aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹ̀. 

OmoIbadan_HIS
Ẹ kú ìjíròrò. Ní Ìbàdàn ni mo wà, long essay mi ní final year dá lórí iná Triangle ní New York, nítorí náà ọ̀rọ̀ yín yìí wọ̀ mí lára. Àbúrò Ṣèyí, ohun tó o sọ nípa quote dáa fún ìdánwò wákàtí kan, àmọ́ kí Tóbi má mú un lọ sí yunifásítì o, níbẹ̀ o ní láti jẹ́ kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ dáadáa kó o tó túmọ̀ ẹ̀.

Ní 25 March 1911, ọjọ́ Sátidé, iná sọ ní ilé iṣẹ́ aránṣọ Triangle, àjà kẹjọ sí ìkẹwàá, èèyàn 146 ló kú, ọ̀pọ̀ wọn ọmọdébìnrin Júù àti Ítálì tí wọn ò tíì pẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ilẹ̀kùn kan ní àjà kẹsàn-án wà ní títì pa. Àkàsọ̀ àwọn panápaná ò ga ju àjà kẹfà lọ. Wọ́n gbé àwọn tó ni ilé iṣẹ́ lọ sílé ẹjọ́, ní December ọdún yẹn kan náà ilé ẹjọ́ dá wọn sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ka ibi tí àwọn tó yè ti ń jẹ́rìí, mi ò lè kọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kéèyàn má bẹ̀rẹ̀ látorí iná. Gbogbo èèyàn ló ń kọ ọ́ pé iná jó, ìjọba ṣe òfin, ó tán. Àmọ́ ní November 1909 àwọn ọmọbìnrin aránṣọ bíi 20,000 ti yanṣẹ́ lódì ní New York, Clara Lemlich ló dìde lọ́jọ́ ìpàdé yẹn tó ní ká yan iṣẹ́ lódì. Tó o bá fi ìyẹn ṣáájú, àríyànjiyàn ẹ á yàtọ̀: àwọn òṣìṣẹ́ ti ń pariwo kí ìjọba tó gbọ́, ikú 146 ló wá ṣílẹ̀kùn tí igbe wọn ò lè ṣí. Ní June 1911 New York gbé ìgbìmọ̀ tó ń wádìí fáktírì kalẹ̀, àwọn aṣòfin Robert Wagner àti Al Smith ló síwájú ẹ̀, àwọn òfin tó tẹ̀ lé e ti ibẹ̀ wá.

Ọ̀rọ̀ tí Rose Schneiderman sọ lórí iná yẹn ní 2 April 1911 náà, àwọn dọ́kúmẹ́ǹtì ìdánwò fẹ́ràn ẹ̀. Ó le gan-an. Àmọ́ ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Gbọ̀ngàn Metropolitan Opera House ni, àwọn olówó àti àwọn gbajúmọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, wọ́n wá kẹ́dùn, òun sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ó ń sọ fún wọn lójú pé ẹ̀dùn ọkàn wọn ò tó. Tó o bá kọ ọ́ pé “inú ń bí i” lásán, o ò tíì sọ nǹkan kan.

Ibi tẹ́ ẹ ti lè rí nǹkan láìsanwó: ibi àkójọ Kheel Center ní yunifásítì Cornell kó fọ́tò, ọ̀rọ̀ àwọn tó yè, àti ohun tí wọ́n sọ nílé ẹjọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Chronicling America ti Library of Congress ní ìwé ìròyìn àtijọ́ rẹpẹtẹ, DocsTeach ti National Archives dáa fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Láti Ìbàdàn ni mo ti lo gbogbo wọn, dátà nìkan ni mo rà, òru ni mo máa ń dà á sórí kọ̀ǹpútà.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń wá nǹkan nínú ìwé ìròyìn 1917, ẹ má tẹ “Great Migration”, orúkọ tí àwa ń pe kíkó tí èèyàn dúdú kó lọ sí àríwá nìyẹn, “exodus” ni wọ́n máa ń kọ nígbà yẹn. Ẹ má tẹ “World War I”, “European War” ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń wá nǹkan tí mi ò rí kó tó yé mi. Àwọn lẹ́tà tí àwọn èèyàn dúdú gúúsù kọ, tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ lọ sí Defender, Emmett Scott ló kó wọn jọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú Journal of Negro History ní 1919. Kí Tóbi ka mẹ́wàá níbẹ̀, á mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ ará ilé.

Ohun kan tó kù. Ẹ má gba quote lọ́wọ́ AI. Mo fi ọ̀kan sínú chapter kejì mi, ó dùn ún kà, supervisor mi ní kí n mú ibi tó ti wá wá fún òun, mo wá a títí, kò sí níbì kankan láyé. Mo tún gbogbo chapter yẹn kọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣe dùn tó, ẹ lọ bá a níbi tí ẹni tó sọ ọ́ ti sọ ọ́.

AntiBisi_Peckham
Ẹ kú u mà Ìyá Tóbi. Ọmọkùnrin tèmi ṣe America 1920 sí 1973 nínú GCSE, ìdánwò sẹ́kọ́ńdìrì níbí ní London, ìyọnu kan náà. Èmi náà ò mọ history, ohun tí mo ṣe ni pé lálẹ́, bí mo bá ń dáná, màá ní kó ka dọ́kúmẹ́ǹtì kan, kó wá sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá. Kò gbọ́dọ̀ wo ìwé. Tó bá ń sọ pé “wọ́n ní, wọ́n ní”, màá bi í, ta ni wọ́n? Kí ló fẹ́ gbà níbẹ̀? Ṣé ó wà níbẹ̀ ni àbí wọ́n sọ fún un? Gẹ̀ẹ́sì máa ń jẹ́ kí wọ́n kó ọ̀rọ̀ inú ìwé sílẹ̀ bó ṣe wà láìyé wọn, àmọ́ tó bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá ó ní láti kọ́kọ́ yé e. Yorùbá ẹ̀ náà sì já gaara sí i.

SeyiBklyn
Anti Bísí, ẹ ṣeun gan-an mà. Mo fẹ́ fi fọ́tò kún un, torí fọ́tò máa ń wà nínú dọ́kúmẹ́ǹtì, àwọn ọmọ kàn máa ń kọ ọ́ pé “fọ́tò yìí fi hàn pé ọmọdé ń ṣiṣẹ́”. Lewis Hine ló ya ọ̀pọ̀ nínú àwọn fọ́tò yẹn, láti 1908 National Child Labor Committee ló ń sanwó fún un, ẹgbẹ́ tó ń wá òfin tó máa dá iṣẹ́ ọmọdé dúró. Ó máa ń dọ́gbọ́n wọ fáktírì, ó máa ń kọ ọjọ́ orí ọmọ sílẹ̀, ó ń fi bọ́tìnnì aṣọ ara ẹ̀ wọn bí ọmọ ṣe ga tó. Nítorí náà ó fẹ́ kó dun èèyàn, ó sì tún ń ṣọ́ra kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ó purọ́. Méjèèjì ni kó o kọ. Òfin Keating-Owen lórí iṣẹ́ ọmọdé jáde ní 1916, ilé ẹjọ́ tó ga jù fagi lé e ní 1918, ó di 1938 kí òfin ìjọba àpapọ̀ tó dúró. Ẹni tó bá dúró sí 1916 ti sọ ìtàn náà di ìdajì.

IyaTobi_Houston
Olúwa á bá mi san án fún yín. Mo ka gbogbo ẹ̀ sí i létí. Ó tún paragraph kan kọ lálẹ́ àná, mo bá a sọ ọ́ di Yorùbá kí gbogbo wa lè jọ rí i: “Defender sọ pé iṣẹ́ wà ní Chicago. Ọkùnrin kan kọ lẹ́tà láti Alabama pé òun ti ka Defender, òun ń wá iṣẹ́, ó sì béèrè iye owó iṣẹ́ àti ọkọ̀. Ètò ìkànìyàn fi hàn pé èèyàn dúdú ní Chicago kúrò ní 44,103 ní 1910, ó di 109,458 ní 1920. Èyí fi hàn pé ọ̀pọ̀ èèyàn kó lọ.” Ṣé ó ti dáa?

TisaHistory_MD
Mà, ẹ̀rí tó mú dáa, àmọ́ ó tò wọ́n bí ẹni to agolo. Ẹ wo gbólóhùn tó fi parí ẹ̀: pé wọ́n kó lọ. Ìbéèrè ti sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ẹ ní kó gbé ohun tó fẹ́ jiyàn lé lórí síwájú, kó wá pe àwọn ẹlẹ́rìí jáde. Báyìí:

“Wọn ò dúró kí ẹnikẹ́ni wá tàn wọ́n lọ bí àwọn olóko ṣe sọ, àwọn fúnra wọn ló wá ọ̀nà. Ọkùnrin tó kọ̀wé láti Alabama ti ka Defender kó tó kọ ọ́, ó sì ń béèrè iye owó iṣẹ́ àti ọkọ̀ kó tó gbéra. Òótọ́ ni pé ẹni tó ń wáṣẹ́ máa fẹ́ fi ara ẹ̀ hàn bí òṣìṣẹ́ gidi, àmọ́ àwọn ìbéèrè tó ń béèrè jẹ́ ti ẹni tó ń ṣírò. Bí èèyàn dúdú Chicago ṣe ju ìlọ́po méjì lọ láàárín 1910 sí 1920 fi hàn pé kì í ṣe òun nìkan ló ṣe ìṣirò yẹn.”

Ẹ̀rí mẹ́ta kan náà ni. Mi ò fi nǹkan kan kún un ju ìdí tí mo fi pè wọ́n lọ.

Fún máàkì tó kẹ́yìn, kó má parí ẹ̀ ní ìdùnnú. Ní 27 July 1919, ọmọkùnrin dúdú kan, Eugene Williams, ọmọ ọdún 17, wà lórí omi Lake Michigan, ó gba ẹ̀gbẹ́ tí àwọn òyìnbó kà sí tiwọn, wọ́n sọ ọ́ lókùúta, ó rì. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Chicago, èèyàn 38 ló kú, 23 dúdú, 15 òyìnbó. Ìlú tí Defender ní kí wọ́n máa bọ̀ nìyẹn. Tó bá lè gbé ìyẹn sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà Alabama yẹn, tó sì sọ ìdí tí wọn ò fi padà sí gúúsù síbẹ̀, ó ti ń kọ history.

IyaTobi_Houston
Sà, Tóbi fúnra ẹ̀ ló ní kí n bi yín. Ó ní òun rí i pé gómìnà Illinois yan ìgbìmọ̀ lórí ìjà Chicago yẹn, òyìnbó mẹ́fà, èèyàn dúdú mẹ́fà, ìwé wọn jáde ní 1922. Ó ní tí ẹlẹ́rìí bá jẹ́ èèyàn méjìlá tí wọ́n jọ fọwọ́ sí ìwé kan, ohùn ta ni kí òun sọ pé ó jẹ́? Kí ni àwọn mẹ́fà yìí gbà láti má sọ kí àwọn mẹ́fà yẹn lè fọwọ́ sí i?

TisaHistory_MD
Ẹ ní kó fi ìbéèrè yẹn gan-an bẹ̀rẹ̀ paragraph kẹta, kó sì fi ránṣẹ́ sí mi tó bá kọ ọ́ tán.